Omi Tí Mo Kọ́kọ́ Mu

Bàbá mi àtàtà,

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ má bínú, géèmù orí fóònù ló fa ọ̀rọ̀, èyí tí ẹ máa ń pè níṣẹ́ ọ̀lẹ.

Nínú géèmù náà, ayé ti bàjẹ́, ẹgbẹ́ méjì sì ń jà sí kànga kan ṣoṣo tó kù. Àwọn tó ń ṣọ́ kànga ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n ní olè làwọn ará igbó. Mo mu omi wọn, mo sì lọ dáná sun àgọ́ ará igbó. Ìgbà tí iná kú ni mo tó mọ̀ pé ará igbó ló gbẹ́ kànga náà kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ tó lé wọn. Àmọ́ àwọn ará igbó náà ti bu májèlé sínú omi ọ̀hún rí. Títí di báyìí, mi ò mọ ẹni tó jàre.

Mo wá rántí yín. Tí ẹ bá lọ parí ìjà, ẹ kì í fẹnu kan omi ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́, àfi tí ẹnì kejì bá ti sọ tiẹ̀. Ẹ ó gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà yín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ kì í pa á lówe, ẹ kàn ń ṣe é ni.

Bàbá, látìgbà tí ẹ ti kú, ilé yín ti pín wa sí méjì. Bọ̀dá ní Àǹtí, ọmọ tí ìyàwó yín kékeré bí, fẹ́ gba gbogbo ilé. Mo jẹun lọ́dọ̀ Bọ̀dá, mo mumi, mo sì ṣèlérí pé màá tì wọ́n lẹ́yìn níwájú ẹbí. Mi ò bi Àǹtí ní nǹkan kan. Mò ń káàánú ará igbó inú fóònù, èmi tí mi ò gbọ́ tẹnu ọmọ bàbá mi. Irú èèyàn wo ni mo dà?

Àná ni mo lọ bá Àǹtí ní Sẹ́kọ́nà. Yàrá yín nìkan ni wọ́n ń bèèrè, kí màmá wọn lè ríbi sùn. Òótọ́ sì ni pé Àǹtí ti pààrọ̀ àgádágodo ibẹ̀ láìsọ fẹ́nì kankan. Wọ́n gbómi wá. Mo di ife mú, mi ò lè mu ún. Àǹtí wojú mi, wọ́n mọ̀.

“Mu ún. Omi ni, kì í ṣe ẹjọ́.”

Ọmọ yín ni wọ́n lóòótọ́. Mo mu ún, mi ò lè gbójú sókè.

Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, ẹbí máa péjọ. Màá gba ìlérí mi padà lójú Bọ̀dá. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí òùngbẹ tètè máa ń gbẹ.