Adìẹ Ń Kú, Ọkọ̀ Ò Sí

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Keje 1994
Adìẹ bùróílà méjì tún kú láàárọ̀. Àwọn tó sanra jù. Lánàá wọ́n ń jẹun, lónìí wọ́n ti gan. Ìgbẹ́ wọn ń hó bí ọṣẹ, ó ń rùn bí ẹran tó bàjẹ́. Òjò ti ń jò wọlé wọn, ìyẹ̀fun pákó abẹ́ wọn rin gbindin — mi ò ráyè pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ni mò ń tọ́jú. (Títílayọ̀ ìyàwó mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá òsì, èmi ni mò ń gbé e lọ, gbé e bọ̀. Wọ́n sì ti dá mi dúró níṣẹ́ ìjọba. Adìẹ yìí nìkan la gbójú lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 7
Dókítà Oríọlá tó ń tọ́jú ẹran, Oǹdó ló wà. Àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, bẹntiróòlù dàwátì. Ìtùnú ọmọ wa wà l'Ékòó, kò rọ́kọ̀ wá. Ta ni n ó fi Ọ̀gá tì? Ó ní, "Bàbá Ìtùnú, ẹ máa lọ. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Mo ní rárá. Ó kọjú sógiri.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mo lọ. Màmá Hameedat, aládùúgbò wa, ní òun á máa yọjú sí i. Lọ́rì onígẹdú ló gbé mi, òkú adìẹ nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Dókítà là á. Ìfun wú, afẹ́fẹ́ kún un, inú rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí aṣọ ìnura tó ti gbó. Kì í ṣe àrùn lúkúlúkú bí mo ṣe rò — bakitéríà ló ń jẹ ìfun wọn, ilẹ̀ tútù sì ń ràn án lọ́wọ́. Ó fún mi lóògùn tí n ó pò mọ́ omi. Ó ní kí n kó gbogbo ohun tó tutù dànù lónìí. Lónìí! Kò sọ́kọ̀ kankan ní gáréèjì. Ilé rẹ̀ ni mo sùn, tó bá jẹ́ oorun nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Ọ̀kadà já mi sílẹ̀ ní Ìsìkàn, àdúgbò wa, lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Mo kígbe. Ẹ̀yìnkùlé ló ti dá mi lóhùn. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ nínú ilé adìẹ — ìdí ló fi wọ́ débẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ bó. Ó ti fọwọ́ ọ̀tún gbá ìyẹ̀fun tútù jọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kó òkú sọ́tọ̀. Ó ní òórùn yẹn ti ń bá òun lójú fèrèsé tipẹ́. Ó ní òun ló bẹ Màmá Hameedat kó má fọwọ́ kan òun.
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e.
"Ẹ má gbé mi. Ẹ ti ń gbé mi kiri bí ẹrù, ẹ ò bi mí rí bóyá mo lè wọ́. Ẹ há mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ sì há ara yín mọ́ mi."
Mo po oògùn. Òun ló bù ú fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Kò sí èyí tó kú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn ò ju ìdajì lọ mọ́. Ọ̀gá ní òun fẹ́ lọ wò wọ́n. Mo dìde. Mo tún jókòó. Mò ń gbọ́ ọ — ó ń wọ́, ó ń mí hẹlẹ, ó ń sinmi. Nǹkan ṣubú gbì. Mi ò lọ. Ó pẹ́. Ìgbà tó yá, àwọn adìẹ pariwo, mo sì gbóhùn rẹ̀ tó ń bá wọn wí.