Ọmọ́lẹ́yẹ Lọ́wọ́ Ìyá Méjì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 oṣù Keje 1954. Ọ̀wọ̀.

Àyà mi ti mọ́! Dókítà gbé fọ́tò àyà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Veronica, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọdún keje rèé. Ọmọ ọdún méjì ni Ọmọ́lẹ́yẹ nígbà tí ikọ́ ife mú mi. Wọ́n ní ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ mi. Sylvanus ọkọ mi gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Janet, ní Èkó. Opó ni Àǹtí Janet, kò bímọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀ ni. Ikọ́ lọ, ikọ́ tún padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ kí i, òkèèrè ni mo sì ti wò ó. Wọ́n sì ní n kò gbọdọ̀ lóyún mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo náà ni mo ní.

Ọ̀gá Káńsù — bí mo ṣe ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí nìyẹn, akọ̀wé ni ní Káńsù — ti gba ìsinmi. A ó lọ Èkó, a ó bá wọn ṣọdún Iléyá níbẹ̀, a ó mú ọmọ wa bọ̀ kí ọdún Igogo tó wọlé. Mo ti rán kaba mẹ́ta fún un. Ọmọ aládùúgbò ni mo fi díwọ̀n.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹjọ. Èkó.

A dé. Eruku ọ̀nà ṣì wà ní ihò imú mi.

Ó yọ láti ẹ̀yìn Àǹtí Janet. Ó mà ga o! Ẹsẹ̀ gígùn bíi ti bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ewu ọ̀nà, mà." Bí ẹni ń kí tíṣà. Màmá Ọ̀wọ̀ ló ń pè mí. Àǹtí Janet ni Mọ́mì.

Kaba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há mọ́ ọn lápá. Ojú tì mí. Àǹtí Janet ní, "Ìyàwó, ẹ má dààmú, mo máa tú etí ẹ̀." Kí a tó jẹun alẹ́, ó ti tú u.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹjọ.

Ọjà Jankárà. Àwo tánganran ni Àǹtí Janet ń tà níbẹ̀. Èrò bí omi. Òórùn ẹja gbígbẹ, òórùn aṣọ tuntun, òórùn ọ̀sà — gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ọmọ́lẹ́yẹ gun orí àpótí, ó ń pe oníbàárà: "Ẹ wá wo àwo o! Ẹ wo ojú yín nínú ẹ̀!" A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Bàbá rẹ̀ ra bàtà funfun fún un. Èmi ra ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Nígbà tí à ń bọ̀, èrò tì wá. Ó na ọwọ́ láti di ẹnì kan mú. Èmi ló sún mọ́ ọn jù. Ó na ọwọ́ kọjá mi, ó di Àǹtí Janet mú. Kò tilẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ẹ̀ ṣáà mọ̀nà ni.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹjọ.

Iléyá. Alhaji Kàsúmù, baba tó ni ilé tí Àǹtí Janet ń gbé, pa àgbò ńlá. Ìmàle, onígbàgbọ́, gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́. Àwọn ọmọdé pa agbo ijó. Ọ̀gá Káńsù bọ́ sí àárín wọn! N kò rí i kó jó láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ọmọ́lẹ́yẹ wá fà mí lọ́wọ́: "Màmá Ọ̀wọ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n jó. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo jó. Ayọ̀ mi kò kéré.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹjọ.

Etí òkun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i. Ìgbì gbá mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú, mo ń rẹ́rìn-ín, omi iyọ̀ wọ̀ mí lọ́fun. Mo wúkọ́. Omi lásán ni.

Ọmọ́lẹ́yẹ fò sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ bo imú. Nígbà tí a fẹ́ mu omi, ife kan ni a ń gbé kiri — ó dúró, ó ní òun á mu tòun nílé.

Àǹtí Janet sunkún lọ́nà. "Èmi ni mo kọ́ ọ, Ìyàwó. Dókítà ló ní kí n kọ́ ọ, nígbà tí ẹ wá kí wa lọ́jọ́sí. Mo gbàgbé láti sọ fún un pé ó ti tán."

Kò jẹ̀bi. Ká ní èmi ni, bẹ́ẹ̀ náà ni n bá kọ́ ọ. Òkun dára, àmọ́ n kò fẹ́ rí i mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹjọ.

Àjọ̀dún Màríà. Ọdún rẹ̀ ni Póòpù sì pe ọdún yìí, nítorí náà gbogbo Kátólíìkì Èkó ló jáde. Ọmọ́lẹ́yẹ wà lára àwọn ọmọbìnrin aláṣọ funfun tó ń da òdòdó sílẹ̀. Kaba tí mo rán ló wọ̀!

Lẹ́yìn ìwọ́de a lọ ya fọ́tò. Afọ́tò tẹrí bọ inú aṣọ dúdú rẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀."

Èmi àti Àǹtí Janet ló sún.

Àwa méjèèjì dúró. Ọmọ́lẹ́yẹ ń wo ilẹ̀. Àǹtí Janet ní oòrùn ń pa òun, ó lọ dúró sábẹ́ òrùlé. Àwa mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò náà. Mi ò mọ bí ojú mi ṣe máa rí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹjọ.

Mo lọ bá Àǹtí Janet níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ yín ni. Ẹ fi í sọ́wọ́ mi kí n bá yín tọ́jú ni. Ẹni tó bá gbani lọ́mọ tọ́jú, tí kò fẹ́ dá a padà, kí ni à ń pè é?" Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. "Ẹ máa da epo díẹ̀ sí ògì rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn bá ń mú un. Kì í sùn tí iná bá kú lójijì. Ẹ má nà án ní orí."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹjọ.

A gbéra. Ọmọ́lẹ́yẹ kò sunkún. Àǹtí Janet kò wá sí gárèèjì — ó ní òun ní ọjà láti tà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹjọ. Ọ̀wọ̀.

Mo ní, "Wá, ká wọ ulé." Ó ní, "Kí ni ulé?" Bàbá rẹ̀ ní, "Ilé ni. Uṣu ni iṣu." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu wa dà bíi ti ẹni tó fẹ́ súfèé. Gbogbo ọ̀sán ló ń sọ ọ́: ulé, uṣu, ulé, uṣu. Inú Ọ̀gá Káńsù dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹjọ.

Omi: "Ẹ ṣé, mà." Ẹ̀kọ: "Ẹ ṣé, mà." Mo wẹ ẹ̀yìn fún un: "Ẹ ṣé, mà." Àlejò ló ń dúpẹ́ báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kẹsàn-án.

Ọjà Ọba. Ẹ gbà mí! Ọmọ Èkó ná ọjà! Ìyá aláta dá iye lé ata, Ọmọ́lẹ́yẹ pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀yin màmá arẹwà yìí! Ṣé èmi kọ́ ni ẹ fẹ́ fi ṣe ọmọ ni?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó da ata kún un. Ó bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ?"

Ó tọ́ka sí mi. Mo ra àkàrà fún un, mo ra fún ara mi, mo ra fún ìyá aláta pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Kẹsàn-án.

Igogo. Fadá kò fẹ́ kí á lọ, gbogbo wa lọ. Mo ń ṣàlàyé fún Ọmọ́lẹ́yẹ bí a ṣe ń rìn: nítorí Ọrọnṣẹn ni, ayaba àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀, tó bínú lọ tí kò padà. Torí ẹ̀ ni ìlù kò fi gbọdọ̀ dún ní ìlú — agogo nìkan. Ọkùnrin kò dé fìlà, obìnrin kò wé gèlè. Orí Ọ̀gá Káńsù ń dán nínú oòrùn. Ọmọ rẹ̀ rí ibi tó pá, ó ní àṣé ìdí tó fi fẹ́ràn fìlà nìyẹn. A rí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tó wúwo, a rí irun dídì lórí ọba. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ta ló di irun yẹn fún wọn? Ó mọ̀ ọ́n dì."

Nígbà tí a délé, ó ní òun náà fẹ́ kí n di irun òun bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé itan mi. Ọdún méje. Orí rẹ̀ gbóná, ó ń run àdí àti eruku. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń tú u, mo ń tún un dì, kó má baà tán. Ó bi mí bóyá Ọrọnṣẹn bímọ kó tó lọ. Mo ní wọn kò sọ fún mi. Oúnjẹ tutù síbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí ó fi sùn, ó sì sọ láàárín oorun, "Ìyá mi, ẹ má fà á jù."

Ìyá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹsàn-án.

Ilé-ìwé ti wọlé. Ó ti ní ọ̀rẹ́ kan, Fúnmiọlá. Kò dúpẹ́ mọ́ bí mo bá bu omi fún un. Ó ń ráhùn pé omi náà kò tutù. Ayọ̀!

Ikọ́ díẹ̀. Eruku ọdún ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kẹsàn-án.

Àwa mẹ́ta lọ ná ọjà ìlú Ute, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, torí iṣu tuntun. Mo wúkọ́ sínú aṣọ ìnujú. Mo wò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo ká aṣọ náà sínú ọwọ́. Ọmọ́lẹ́yẹ wà níwájú, ó ń yan iṣu, ó ń pariwo pé, "Ìyá mi, ẹ wá wo èyí!" Mo dúró sí ibi tí mo wà. Mo ní, "Mo ti rí i, ọmọ mi. Ó dára." Ó ní kí n sún mọ́ ọn. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹsàn-án.

Dókítà kò wo ojú mi. Ẹ̀dọ̀fóró apá òsì ni. Ọdún kan ní ilé ìwòsàn àwọn oníkọ́ ife, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ Ọmọ́lẹ́yẹ wò pẹ̀lú: àyà rẹ̀ mọ́. Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Ohun kan yìí.

Ọ̀gá Káńsù ti fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí Èkó kí Àǹtí Janet wá mú ọmọ lọ. Ó wọ inú yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Kẹsàn-án.

Mo sọ fún Ọmọ́lẹ́yẹ. Èmi lẹ́bàá kànga, òun lẹ́nu ọ̀nà, àgbàlá láàárín wa. Mo ní àìsàn mi ti padà. Mo ní kó má sún mọ́ mi.

Ó ní, "Ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"O kò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé torí mo ní omi ò tutù ni?"

Mo ní rárá. Mo ní rárá títí ohùn mi fi lọ. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń tú irun tí mo dì fún un, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Àgbàlá tí kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, n kò lè rìn ín kọjá. Ọlọ́run, kí ni mo ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹsàn-án.

Àǹtí Janet dé. Ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó wá mú ọmọ lọ: àpótí, ẹní, agbọ̀n àwo tánganran ńlá tí wọ́n fi koríko dí. Ó ní òun ti fi ìsọ̀ òun ní Jankárà sílẹ̀ fún Mojíbọ́lá tó ń bá òun tajà.

Mo dúró lókèèrè, mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Ìyàwó, bí mo bá tún gbé e lọ, á tún gbàgbé yín. Tó bá ṣe ẹ̀ẹ̀kejì, kò ní rántí yín mọ́ láé. N kò ní lọ́wọ́ sí i. Ọjà wà ní Ọ̀wọ̀ náà." Lẹ́yìn náà ó ní, pẹ̀lú ohùn kékeré, "Èmi náà ò sì lè dá sùn nínú ilé yẹn mọ́."

Yóò máa gbé ibí. Yóò máa sùn ní yàrá mi. Mo dúpẹ́. Mo sì fẹ́ kígbe. Nǹkan méjèèjì wà nínú àyà kan náà, mi ò mọ èwo ni àìsàn.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Kẹsàn-án. Ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì ní kí n má kọ̀wé púpọ̀.

Láàárọ̀ yìí ọkọ̀ wá gbé èmi àti Ọ̀gá Káńsù. Mo kí gbogbo ilé láti ojú títì. Mo ti bẹ ara mi pé n kò ní sunkún kí ó má baà rántí mi bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín, mo juwọ́.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì dún ni Ọmọ́lẹ́yẹ já. Ó sáré bọ̀ láìwọ bàtà. Àǹtí Janet, tí kì í sáré, sá tẹ̀ lé e, ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó fi apá méjèèjì dì í mú. Ọmọ náà ń jà. Ó ń fi ìgùnpá gbún un, ó ń ké pé kó fi òun sílẹ̀. Ìborùn Àǹtí Janet já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ọkọ̀ títí a fi yà. Mo ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, n kò mọ̀ pé ọkọ mi ń gbọ́: ẹ dì í mú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ dì í mú dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó já.