Atẹ́gùn Táyà Nínú Ẹ̀rọ Géèmù Mi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Inú ń bí mi gidigidi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbá eruku kúrò nínú ẹ̀rọ géèmù mi lóṣooṣù. Ọkọ mi mọ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe lọ sọ́jà lónìí, ó gbé e lọ bá ẹni tó ń lẹ táyà, ó ní kó fi atẹ́gùn táyà fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Mo dé, mo tàn án, ó kùn díẹ̀, ó sì kú. Mo tú u. Apá mẹ́ta lára fáànù kékeré tó ń mú inú rẹ̀ tutù ti kán!

“Bàbá Àwáwù, kí lẹ ṣe sí i?”

“Mo kàn bá ẹ tọ́jú ẹ̀ ni. Ó ti gbó tẹ́lẹ̀ jàre.”

Ó ti gbó, àbí?

Ìyá rẹ̀, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ náà, gbọ́ ọ láti yàrá. “Ràsákì, ṣé o bi í kí o tó gbé e?”

“Ẹ má bínú, Màámi.”

Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀! Èmi tí mo ni ẹ̀rọ, kò tíì wojú mi.

Lọ́la màá lọ wá fáànù mìíràn ní ọjà Igolo. Kó má wulẹ̀ ní òun á bá mi lọ.