Daddy, Morẹ́nikẹ́ Ò Lè Kọrin Mọ́

Daddy mi ọ̀wọ́n,

Morẹ́nikẹ́ ti wálé. Yàrá mi ní Thamesmead níbí ló ń sùn, èmi ń sùn lórí àga ní pálọ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, níwájú fèrèsé ni mo máa ń bá a, tó ń wo adágún omi ẹ̀yìn ilé.

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí bàbá tí ò ní fèsì. Lọ́sàn-án àná mo lọ wọ ferry ní Woolwich, mo sọdá, mo tún wọ̀ ọ́ padà, bí ẹ ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ tí ẹ ò bá wa bọ́ọ̀sì. Mo dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí. Kí lẹ máa ń wò nínú omi yẹn, Daddy? Mi ò bi yín rí nígbà tí mo lè bi yín.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ orin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Mummy ti kú, ẹ̀yin wà lẹ́nu iṣẹ́, Auntie Luz, ará Colombia tó ń gbé òkè wa, ló ń tọ́jú wa. Ẹnu rẹ̀ ò gba Morẹ́nikẹ́, ló bá sọ ọ́ di Morena. Ó ní adúmáadán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Spanish, ẹ sì rẹ́rìn-ín, ẹ ní orúkọ méjèèjì bára mu. Bó bá ń dáná, á máa kọrin ìlú wọn, Morẹ́nikẹ́ á máa gbè é. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ń sọ Spanish bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Èmi ò gbọ́ ju “wá jẹun” lọ.

Lọ́jọ́ Sunday, tiyín ni ohùn yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa ń lọ sùtánà funfun rẹ̀ lọ́sàn-án Saturday, ẹ ò jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn án. Tó bá dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá á máa sunkún, ẹ̀yin á sì dojú kọlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú yín. Èmi máa ń rí i.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó gbé orin tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó ní Colombia àti Mexico, ilé iṣẹ́ olórin kan ní Madrid sì ránṣẹ́ pè é. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

“Morẹ́nikẹ́, orin tí mi ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe àmín sí i?”

“Daddy, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀.”

Síbẹ̀ ẹ bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ibi tó ti wọ mọ́tò.

Ó lókìkí, Daddy. Bogotá, Lima, gbogbo pápá ìṣeré kún, èrò ń pariwo Morena, Morena. Wọ́n pa irun rẹ̀ láró pupa. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tí Auntie Luz mú ìwé ìròyìn wá, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìdùnnú, títí tó fi kan ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Cuba ni wọ́n ti bí bàbá Morena. Auntie Luz pa ìwé ìròyìn náà dé. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn lẹ ní kí n sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé kò gbọdọ̀ pe fóònù yín mọ́, àfi tó bá sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́ fún wọn.

Nǹkan tó ń dùn mí nìyí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún yín.

Ó ń pe fóònù tèmi. Gbogbo Sunday, lẹ́yìn ìsìn.

“Sister mi, ṣé Daddy wà níbẹ̀? Ṣé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀?”

“Wọ́n ń sùn.”

Ẹ ò sùn. Ẹ wà ní pálọ̀. Ìbínú yín ò ju oṣù kan lọ, mo mọ̀, torí ẹ̀yin náà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi á ní kò pè. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀yin ni mò ń gbèjà. Irọ́ ni. Èmi ni mo dúró, èmi ni mò ń bá yín lọ gba oògùn, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé sì ń pè. Ìlara ni, Daddy. Mo ní mo ṣì máa tún un ṣe. Ọ̀sán Thursday kan ni mo wọlé bá yín lórí àga, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ẹ ti lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ló dé. Wọ́n ní kó dá orin, ó ya ẹnu, ẹkún ló jáde. Lọ́jọ́ kejì ó ti padà, torí èrò ń dúró dè é. Ọ̀fun rẹ̀ ti ń bó nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un kó lè máa kọrin. Ní Mexico, ohùn náà já láàárín orin. Àwọn èrò rò pé eré ni, wọ́n bá a kọ ọ́ parí, òun sì dúró níwájú wọn, ó ya ẹnu sílẹ̀.

Dókítà ní Madrid ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó ní kó má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Pátákó kékeré ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tuesday tó kọjá ni dókítà ibí ní kó sọ nǹkan. Ohùn tó jáde, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí yanrìn ni. Dókítà ní á máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo béèrè orin, ó mi orí. Ilé iṣẹ́ Madrid ti fi ọmọbìnrin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Auntie Luz wá, ó ń ya irun rẹ̀, ó ń sunkún. Èmi tí mò ń tọ́jú aláìsàn ní hospital lẹ́bàá Woolwich Common lójoojúmọ́, mi ò rí nǹkan kan ṣe. Mo kàn ń ṣe tíì.

Nígbà tí mo ti ìdí ferry dé lánàá, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ń retí kó pariwo mọ́ mi. Kò ní ohùn tó lè fi pariwo. Ó kúrò níwájú fèrèsé, ó wá bi mí.

“Kí ni Daddy máa ń sọ gan-an?”

“Wọ́n á ní, ‘Ọmọ mi tó ń kọrin ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?’”

“Tún un sọ.”

Mo tún un sọ.

“Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́.”

Mo gbìyànjú, Daddy. Kò jọ tiyín. Ó fọwọ́ bojú, ó ní kí n tún un sọ, mo sì ń tún un sọ. Ló bá dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò tíì ṣí i láti àná. Oúnjẹ tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà ti tutù. Mo ti kan ilẹ̀kùn títí. Kí ni kí n ṣe? Mo fi etí lé ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ohùn tó ti há yẹn, tó ń bi ara rẹ̀ ṣé ó ti jẹun, ṣé ó ti jẹun.

Èmi ni, ọmọ yín tó dá ohùn àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, tó sì fẹ́ràn yín gidigidi.