Lẹ́tà Yín Lórí Ọ̀rọ̀ Fìlà

Bàbá mi, ẹni tó ra gègé àkọ́kọ́ fún mi,

Irọ́ ni mo pa fún yín. Lẹ́tà tí ẹ ní kí n kọ sí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nígbà tí àwọn ọlọ́pàá lù yín ní Ìtòrì, n kò fi ránṣẹ́. Ẹ̀ ń sọ, mò ń kọ, ẹ sì tẹ àtàǹpàkò yín sí i nísàlẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí òyìnbó bá rí orúkọ wa, wọn ò ní gbà mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Gbogbo ọjọ́ Ajé lẹ sì ń rán mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ wò bóyá èsì ti dé.

Fíìmù kan ló tú àṣírí mi fó. Àbíkẹ́yìn mi, tí a bí lẹ́yìn ikú yín, ló ní kí n bá òun wò ó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun lu ọkùnrin dúdú kan títí ó fi ṣubú. Nígbà tó dìde, kò tíì nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ tó fi ń wá fìlà rẹ̀ nínú eruku. Báwo ni àwọn tó ṣe fíìmù náà ṣe mọ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe. Fìlà tiyín ló sì fa lílù náà: ẹ ò ṣí i fún ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó, torí ọba nìkan lẹ máa ń ṣí fìlà fún.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá dúdú bíi tiwa ló fi kóńdó lù yín. Òyìnbó kàn ń wòran ni. Ọ̀rọ̀ ta ló dùn yín jù nínú àwọn méjèèjì? Nígbà tó yá, ẹ ò béèrè èsì mọ́. Ṣé ẹ rò pé ajẹ́lẹ̀ kọtí ikún sí yín ni, àbí ẹ ti fura sí mi?

Nínú fíìmù, ọmọbìnrin ọkùnrin náà dìde ní kóòtù, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán. Mo dìde, mo lọ yọ lẹ́tà yín nínú ìwé máàpù mi àtijọ́, mo sì kà á sókè fún ọmọ mi. Ìwé ti pọ́n. Ìtẹ̀ka yín ṣì hàn.

Lórí ojú oórì yín ní Kemta ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti ṣí fìlà mi. Lẹ́tà yín rèé, Bàbá.

Èmi ọmọ yín, akọ̀wé yín tó ń bẹ̀bẹ̀.