Aṣọ Sísítà Tí Ẹ Ò Rán Tán

Màmá mi àtàtà,

A ti gbé eré olórin wa dé Lọ́kọ́ja. A ti ṣe é ní Kàbà, a ṣe é ní Òkènè, kó tó wá kan ìlú tiwa lọ́sàn-án Sátidé. Gbọ̀ngàn kan ní Adankolo la lò, àwọn ọmọ yunifásítì sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ẹ ó rántí ìtàn náà, torí mo sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ ń gé aṣọ. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ ọba, wọ́n ní kí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n bá Ọlọ́run jẹ́. Wọ́n kọ̀. Ni wọ́n bá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ pa, àwọn sísítà náà sì ń kọrin lọ. Bí ọ̀kan bá ti lọ, ohùn kan á dín nínú orin náà. Èmi ni mo ṣe èyí tó kéré jù, tí ẹ̀rù bà, tó sá lọ, tó tún padà wá kú pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀yin lẹ rán gbogbo aṣọ wa ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Gadumo. Ẹ á kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ẹ á sì máa fimú kọrin. Tèmi nìkan lẹ ò rí parí; ẹ kàn gán etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ bá mi rán an tán, mi ò gbà.

Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé àyà ń dùn yín. Mo ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ kọ́kọ́ parí aṣọ mi ná. Màmá, kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Kàbà ni mo wà, níbi ìgbáradì eré náà, nígbà tí ẹ kú. Bàbá nìkan ló wà lọ́dọ̀ yín, wọn ò sì tíì sọ ohunkóhun nípa àárọ̀ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà ìsìnkú, Bàbá kì í kúrò nílé wa ní àdúgbò Crusher, àfi tí wọ́n bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi bí mo ṣe rí wọn ní ìjókòó iwájú lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó kàn mí, gbogbo ohùn yòókù ti tán. Èmi nìkan ni mò ń kọrin, mò ń rìn lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, níbi tí wọ́n ti ń pa wá nínú eré. Ni Bàbá bá dìde láàrin èrò.

“Má lọ mọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́.”

Àwọn ènìyàn rò pé ara eré ni. Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo dúró. Àmọ́ bí mi ò bá lọ, eré ò lè parí. Mo lọ. Mo fi apá aṣọ bojú, mo sunkún.

Nígbà tí mo jáde, Bàbá ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń dúró dè mí. Wọn ò sọ̀rọ̀ eré rárá. Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n ní iṣu wà nílé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì fi sílẹ̀ títí a fi délé.

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé bí Bàbá ṣe bẹ ẹ̀yin náà nìyẹn? Ṣé ẹ gbọ́ wọn kí ẹ tó lọ?

Èmi ọmọbìnrin yín, tí mo ṣì ń pè yín.