Sí Ọkọ Mi, Alàgbà Tí Wọ́n Yọ Nípò

Bàbá Àpọ́nlé, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko! Iṣu tuntun ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ò sì sí nílé láti fọwọ́ kàn án.

Àpọ́nlé ti bímọ. Ọkùnrin ni, iwájú orí yín ló gbé wá. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ láìlórùlé, a ti kan páànù rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń lé kiri ló ń bọ́ sí i lẹ́yìn yín. Èyí ló ń dùn mí jù!

Àwọn ọmọ ọmọ yín ò ní mọ̀ bí mi ò bá sọ. Nígbà tí ìjọ wa fẹ́ fẹ ilé ìjọsìn sí i, wọ́n hú pèrègún ààlà tó wà láàárín ilẹ̀ ìjọ, tó jẹ́ ti bàbá yín tẹ́lẹ̀, àti oko kajú Àdìjátù, opó Ràmọ́nì. Wọ́n ní ìjọ ló ni ilẹ̀. Àdìjátù ké lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ọjọ́ tí wọ́n gbin pèrègún yẹn. Ẹ̀yin ni.

Pásítọ̀ wá sílé wa. Ó ní, "Alàgbà, ṣé torí ìmàle lẹ ó ṣe dójú ti ilé Ọlọ́run?"

Ẹ ní, "Pásítọ̀, ilé Ọlọ́run kì í dúró lórí ilẹ̀ opó."

Ẹ lọ. Ẹ sọ níwájú Baálẹ̀ pé, "Ìṣojú mi ni bàbá Ràmọ́nì àti bàbá mi ṣe gbìn ín. Àdìjátù ló nilẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n yọ yín ní alàgbà. Wọ́n ka orúkọ yín síta bíi ti olè! Wọ́n ní kí ẹ dìde níwájú, kí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ mú Bíbélì yín, ẹ lọ. Wọ́n wá dá orin, ìjọ sì gbè é.

Bàbá Àpọ́nlé, èmi náà gbè é. Mo wà láàárín ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pẹ̀lú gèlè funfun mi, mo ń kọrin! Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà yọ èmi náà. A délé. Ẹ ní kí n bu omi wá. Ẹ mu ún, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìbá sàn kí ẹ ti bú mi!

Ọdún méjì lẹ fi jókòó sẹ́yìn, ẹ ò pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Nígbà tí ẹ kú, wọ́n ní àwọn ò lè gbé òkú ẹni tó wà lábẹ́ ìbáwí wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wàhábì, àkọ́bí Àdìjátù, àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló gbẹ́ sàréè yín. Àpọ́nlé ló ka sáàmù. Ọmọ yín ló gbàdúrà lórí yín!

Lóṣù tó kọjá, pásítọ̀ tuntun yọjú. Wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn kan, wọ́n fẹ́ fi orúkọ yín pè é. Ó ní òpó ìjọ lẹ jẹ́.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìjọ pé òótọ́ ni ọkọ mi sọ, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ ẹ́."

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀."

Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tó dọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde, mo jáde. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ yọ ọkọ mi, mo bá yín kọrin. Mo ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin náà ṣẹ̀ ẹ́." Wọ́n pa máìkì mọ́ mi lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó kí mi títí ìsìn fi parí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ wá gba aṣọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo kó o fún wọn.

Mo ti pẹ́, mo mọ̀. Ọdún márùn-ún ni mo fi pẹ́! Àárò yín ń sọ mí, ọkọ mi. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe jẹ́ kí ẹ mọ̀ lọ. Mi ò tíì rí Kristẹni mìíràn bíi yín, inú ilé mi lẹ sì wà ní gbogbo ìgbà yẹn!